Jẹ́sì Tí Wọ́n Bọ́ Lára Òkú

Ọdún tí ọkọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìràwọ̀ Òkè-Ìrókò já sódò, kí wọ́n tó gbé òkú àwọn ọmọ náà lọ sílé, alága ní kí wọ́n bọ́ jẹ́sì lára wọn. Ó ní tuntun ni, ẹgbẹ́ ló ni ín. Ṣùbúọlá, àbúrò Lámídì olùtọ́jú pápá, wà lára àwọn òkú náà. Lámídì gba àwọn jẹ́sì náà, ó tì wọ́n mọ́ yàrá ẹ̀gbẹ́ pápá, kí ẹnikẹ́ni má baà wọ̀ wọ́n mọ́.

Nígbà tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe àjọ̀dún ogójì ọdún, alága náà tún dé, ó ti darúgbó.

“Lámídì, kó wọn jáde. Àwọn ọmọ máa fi wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lọ́la. Ìtàn wa ni.”

“Ìtàn ìríra. Alága, ẹ ò ṣe kọ́kọ́ wọ ọ̀kan wò?”

“Ẹnu ẹ ṣì mú bí abẹ. Ṣáà ti kó wọn wá kí ilẹ̀ tó mọ́.”

Lámídì tutọ́ sílẹ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tó ṣí yàrá náà. Òórùn ẹrẹ̀ odò àti òógùn gbá a nímú. Ó fọwọ́ kan jẹ́sì tó wà lókè. Ó rin gbindin, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ lára ènìyàn ni.

Ẹnìkan ń kan fèrèsé.

“Ẹ̀gbọ́n, òtútù ń mú wa.”

Ohùn Ṣùbúọlá ni. Lámídì ṣí fèrèsé, ó na jẹ́sì náà síta. Ọwọ́ kan tó ti bó, tó ń yọ̀ bí ẹja, gbà á.

Ọwọ́ mìíràn sì nà wá.