Ṣé Ẹ Ti Lo Oògùn Yín?

"Mọ́mì Tíṣà, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" Yétúndé tó ń lọ síbi iṣẹ́ ló yọjú lójú fèrèsé.

Tíṣà àgbà kò rántí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọgbọ̀n ọdún na àwọn ọmọ Festac nítorí ìgbàgbé, ṣé yóò wá jẹ́wọ́ pé òun gbàgbé?

"Ṣé o rò pé orí mi ti dàrú ni? Wò ó!" Ó ju hóró kan sẹ́nu, ó fomi tì í.

Oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n fà sí i lára ló ba iyè rẹ̀ jẹ́. Dókítà wá fún un lóògùn tí yóò jí iyè náà: hóró kan péré lóòjọ́, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ lè dá ọkàn dúró. Ọmọ rẹ̀ sì ti bẹ gbogbo ará ilé kí wọ́n máa rán an létí.

Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Ó wo káàdì oògùn tuntun tí ọmọ rẹ̀ rà lánàá ní Agboju. Hóró mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ló kù.

Lójijì, iyè rẹ̀ sọjí. Ó rántí gbogbo ojú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó ti yọ lójú fèrèsé láàárọ̀ yìí. Ó fẹ́ kígbe, ahọ́n rẹ̀ kọ̀.

Ògúndípẹ̀, awakọ̀ tó ń gbé lókè, sáré wọlé, ó tẹ hóró tó kù jáde.

"Mọ́mì, ẹ má bínú, mo gbàgbé láti rán yín létí. Ó yá, ẹ lanu."