Ìlẹ̀kẹ̀ Ọwọ́ Ìbídùn

Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá ń bu tíì sínú ife nígbà tí ilẹ̀kùn Ilé Ìtura, ibi ìtọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn, ṣí fúnra rẹ̀, tí ògiri gíláàsì sì di dúdú kí ará ìta má baà rí inú. Ọlọ́pàá ló wọlé. Ó wá gbọ́ ẹjọ́ Ìbídùn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹnìkan fipá bá lòpọ̀.

Láti ọjọ́ Ajé ni Mopélọ́lá ti ń tọ́jú ọmọ náà. Ó fún un lóògùn, ó sì jókòó tì í títí ọmọ náà fi sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìlẹ̀kẹ̀ agbohùnsílẹ̀ tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òfin ní kí èèyàn sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà ni o, adájọ́ ni o, inú ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n á ti gbọ́ ọ, àtàńpàkò Ìbídùn nìkan ló sì lè ṣí i.

Ọlọ́pàá ò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ mi, kí ló gbé ẹ débẹ̀? Aṣọ wo lo wọ̀?"

Mopélọ́lá fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ Ìbídùn ti dìde.

"Ẹ má bínú, sà. Mo ti sọ ọ́ tán. Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́."

Ọlọ́pàá wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ń fi ṣíbí ro tíì rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó jókòó.

Ìbídùn tẹ ìlẹ̀kẹ̀. Orí Mopélọ́lá wú. Ohùn ọjọ́ Ajé tó wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ohùn náà dúró gbọnin.