Agbọ́n Tó Kú sí Ọrùn-Ọwọ́ Mojírádé

Láràárọ̀, kí òṣìṣẹ́ kankan tó wọ ilé ọ̀rá tí wọ́n ń gbin tòmátì sí, Látúnjí alábòójútó á fi ife dé agbọ́n tín-ín-rín kan mọ́ ọn lọ́rùn-ọwọ́. Agbọ́n yìí ló ń pa eṣinṣin funfun tó ń ba tòmátì jẹ́. Bí ó bá yè, kí onítọ̀hún wọlé. Bí ó bá kú, oògùn kòkòrò wà lára ẹni náà nìyẹn, òfin oko náà sì ti ka oògùn kòkòrò léèwọ̀.

Lọ́wọ́ Mojírádé, agbọ́n náà gbọ̀n pẹ́pẹ́, ó kú.

"Ìyá Dúró, kí lo fi para?"

"Ọ̀gá, n kò fi nǹkan para. Ibà ń ṣe ọmọ mi, mo wá ta nẹ́ẹ̀tì olóògùn bò ó nítorí ẹ̀fọn."

Látúnjí rọra gbé òkú agbọ́n náà bí ẹni gbé ẹyin. "Ọkọ̀ òfuurufú ló gbé èyí wá. Ta ló gbé ọmọ tìrẹ wá?"

Àwọn tó tò sẹ́yìn obìnrin náà rẹ́rìn-ín, kí ọ̀gá lè rí i pé àwọn rẹ́rìn-ín.

"Lọ sun nẹ́ẹ̀tì yẹn níná. Bí òmíràn bá kú lára rẹ lọ́la, má wulẹ̀ wá síbí mọ́."

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mojírádé dúpẹ́, ó lọ sílé, ó sun nẹ́ẹ̀tì.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀fọn kan bà lé Dúrósinmí lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́wọ́ sókè láti pa á, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà dúró fúnra rẹ̀ lókè, nítorí ó ti pẹ́ tí ilé tòmátì ti kọ́ ọ pé a kì í gbá kòkòrò.

Ẹ̀fọn náà mu yó, ó fò lọ.