Yàrá Kékeré Tí Harlan Kọ̀ Láti Wọ̀

Rárá o, ẹ má pa òwe "ìfura loògùn àgbà" fún mi. Mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí yín. Ẹ ka ti Harlan yìí kanlẹ̀ ná, kí ẹ tó máa bá mi jiyàn. Ẹni tó bá kà á dé ìdajì tó sá lọ, ó dọwọ́ ẹ̀.

1.
Àgbẹ̀ onímàlúù ni Harlan, lẹ́yìn ìlú Minot níbí, ní àríwá Amẹ́ríkà. Kò gbà pé ẹnikẹ́ni lè ṣe oore lásán. Bí o bá kí i "ẹ káàárọ̀", á kọ́kọ́ tọwọ́ bọ àpò wò bóyá pọ́ọ̀sì ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ardis, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, wà ní ilé ìwòsàn ní Phoenix. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń dà á láàmú. Mitzi, ológbò Ardis, wà lọ́dọ̀ Harlan. Lọ́jọ́ kan Ardis pè é.

"Harlan, dókítà ní mi ò lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ mọ́. Mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ rí. Gbé ológbò mi wá kí n fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀la ni. Abẹ́ ìjókòó mi nínú bàlúù ló máa wà. Kò sí olè tó máa rí i gbé."

Ẹ gbọ́ o. Ta ló dárúkọ olè?

2.
Òtútù ọjọ́ yẹn, bí o bá sọ̀rọ̀ níta, ọ̀rọ̀ náà á dì gbagidi. Àfi kí o gbé e wọlé lọ yá iná kí o tó mọ ohun tí o sọ.

Harlan tò sórí ìlà àyẹ̀wò ní pápákọ̀ òfurufú, ó gbá báàgì tí Mitzi wà nínú ẹ̀ mọ́ra. Obìnrin kan tó gbé ajá kékeré wà lẹ́yìn ẹ̀, Marisol lorúkọ ẹ̀.

"Bàbá, wọ́n máa ní kí ẹ mú un jáde o. Báàgì nìkan ló ń gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọjá. Ṣé ẹ ti de okùn mọ́ ọn láyà?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Ẹ má bínú. Mo ní ọ̀kan tó lé lọ́wọ́. Ẹ gbà á."

Harlan wo okùn náà bí ẹni wo ejò. Ó ní nínú ọkàn ẹ̀: okùn tìrẹ, ológbò tèmi, òun lo máa fi fà á lọ!

"Ogójì ọdún ni mo fi di akọ màlúù mú, èyí tó ga bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ológbò ló máa bọ́ lọ́wọ́ mi?"

"Màlúù kì í gun àjà, Bàbá."

3.
Ó kan Harlan. Curtis, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, rọra sọ fún un pé, "Bàbá, yàrá kékeré kan rèé. Ẹ mú un jáde níbẹ̀, a máa tilẹ̀kùn kó má baà sá."

Yàrá? Ilẹ̀kùn títì? Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe tí ojú ò gbọdọ̀ rí?

"Níbí ni, lójú gbogbo ayé!"

"Bàbá, mo bẹ̀ yín..."

"Mo ní níbí!"

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ ni ín."

Bó ṣe mú Mitzi jáde báyìí, abọ́ onírin bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́yìn. Gbàgà! Mitzi ha Harlan lójú ní ìlà mẹ́tàdínlógún. Ó fi orí ènìyàn mẹ́ta ṣe àtẹ̀gùn, irun àtọwọ́dá bàbá kan fò lọ bí ẹyẹ, ó gun kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì wọ inú àjà níbi tí àwọn káfíńtà ti yọ pákó kan.

"Ẹ̀yin lẹ jí i!" ni Harlan pariwo. Gbogbo ayé ṣáà rí i.

4.
Wọ́n pe àwọn tó ń lọ sí Phoenix. Harlan ké pé ẹ̀gbọ́n òun ń kú lọ níbẹ̀. Curtis ti wà lórí àkàbà. Marisol jẹ́ kí bàlúù tiẹ̀ lọ, ó ń fi ẹja inú agolo pe ológbò.

"Bàbá, ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n yín," ni Curtis wí. "A máa rí i, a ó fi ránṣẹ́."

"Kí n lọ, kí ẹ rí i tà, àbí?"

Ó jókòó. Bàlúù lọ. Fóònù dún.

"Harlan, ṣé ẹ ti wọ bàlúù? Gbé fóònù sún mọ́ ọn, kí n gbọ́ bó ṣe ń kùn."

Harlan gbójú wo àjà. "Ó... ó ń sùn, ẹ̀gbọ́n mi."

"Má jí i. Mo ń retí yín."

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ṣọ́ Curtis tó ń wá ológbò fún un. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni Mitzi bọ́ sílẹ̀, ó ti rù bí ìgbálẹ̀. Ardis ti kú lọ́jọ́ kejì.

Mitzi ṣì wà nílé Harlan. Bí Harlan bá ti wọlé, á sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á máa wò ó látibẹ̀ bí ẹni wo olè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó bá ń na ọwọ́ sí yín, ẹ wò ó dáadáa, àmọ́ ẹ má gé ọwọ́ náà. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Harlan mu tiẹ̀ tìgò-tìgò. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹ pín in kiri. Kí sì ni ẹran oní-pọ̀tétò tó ń ta sánsán lórí iná yín yẹn, tí òórùn ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi níbí? Ẹ bù fún mi. Ẹ má wò mí báun, mi ò ní jí ṣíbí.