Dòdò Ìkirè Lójú Irin

Ẹ̀ṣọ́ ojú irin sọ irin ìdènà kalẹ̀ gbàmù, ó na àsíá pupa sókè. Ọkọ̀ èrò tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ ló wà níwájú.

Dẹ́rẹ́bà yọrí síta. "Bàbá, ẹ tún ti dé nìyẹn! Ìgbà wo la tiẹ̀ ń rí rélùwéè ọ̀hún?"

"Ó ń bọ̀ lónìí, mo fi Ọlọ́run búra!"

Dẹ́rẹ́bà pòṣé, ó tẹ fèrè mọ́lẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn náà tẹ tiwọn.

Láti òdìkejì, ìyàwó ẹ̀ṣọ́ gbé dòdò Ìkirè rù, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lójú irin láti wá tà á fún àwọn èrò ọkọ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbàkigbà tí ọkọ rẹ̀ bá ti ọ̀nà.

Ẹ̀ṣọ́ rí rélùwéè tó yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó kígbe sí i: "Padà!"

Ariwo fèrè ọkọ̀ kò jẹ́ kó gbọ́. Ẹ̀ṣọ́ fò lé ìdènà, ó fà á lápá, wọ́n jọ ṣubú sínú koríko. Rélùwéè kọjá gììrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Dẹ́rẹ́bà àtàwọn èrò rẹ̀ sáré wá gbé wọn dìde. Obìnrin náà kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Tèmídayọ̀, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé torí rélùwéè lẹ ṣe ti ọ̀nà tòní?"

Dẹ́rẹ́bà fúnra rẹ̀ ló lọ ṣí ìdènà. Ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa dòdò nínú eruku, kò gbójú sókè títí ọkọ̀ tó kẹ́yìn fi kọjá.