Ojú Irin Tí Adégòróyè Yí Gba Ẹnu Ọ̀nà Ara Rẹ̀

Ní ìlú Arómisá, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, ọ̀gá kan wà tó ń jẹ́ Adégòróyè. Òun ni wọ́n fún láṣẹ láti yan ibi tí wọn yóò fa ojú irin náà dé. Ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n tara rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé àdúgbò Ìsàlẹ̀ Ọ̀dàn ló kàn. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá wà, ọkọ̀ kì í sì í débẹ̀ déédéé. Inú oòrùn ni àwọn aláboyún àti arúgbó ń fẹsẹ̀ rìn lọ gba ìtọ́jú. Síbẹ̀, Adégòróyè ní Òkè Ìgbádùn ni kí ojú irin náà gbà, àdúgbò àwọn ọlọ́lá tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, kí ibùdó ọkọ̀ lè wà lẹ́nu ọ̀nà òun. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé àpáta ló wà lábẹ́ òkè náà. Kò gbọ́.

Níbi ìpàdé ìlú, agbẹ̀bí kan tó ń jẹ́ Fadérera dìde.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, lóṣù tó kọjá, aláboyún kan bímọ sẹ́bàá ọ̀nà nígbà tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa nílé ìwòsàn. Ọmọ náà ò yè. Ẹ rántí wa."

Adégòróyè rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ta ló ní kó má tètè kúrò nílé?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu àgbàlagbà jáde! Ìyá ọmọ náà jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́. Inú ṣì ń bí mi títí dòní.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òkè Ìgbádùn. Nígbà tí wọ́n kan àpáta, wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ọ. Ilẹ̀ mì, ògiri ilé Adégòróyè sì là láti òkè délẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó ti ń kí i kú iṣẹ́ wá ń pariwo lé e lórí. Ó sáré lọ bá ìgbìmọ̀ ìlú.

"Ẹ dá iṣẹ́ dúró! Ilé mi ń wó lọ!"

Alága ìgbìmọ̀ bi í pé, "Ta ló ní kí ojú irin gba ibẹ̀?"

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fa ojú irin náà lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀dàn. Ṣùgbọ́n gbogbo àkókò tí ọkùnrin kan ṣoṣo fi ṣòfò yẹn, àwọn aláìsàn ló fi ẹsẹ̀ wọn rìn ín.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá fi ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú sí yín níkàáwọ́, ẹ má ṣe yí i sí ọ̀nà ilé yín. Ẹni tí ìyà ń jẹ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.