Yàrá Ìjẹun Màmá Kọ́kà

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Àyọ̀ká dé ilé àtijọ́ tí àwọn Kọ́kà kọ́ sí Èkó láyé òyìnbó. Màmá Kọ́kà, opó tó ṣì ń gbé inú rẹ̀, ló máa ń mú àlejò wo àwọn ẹrù ibẹ̀.

"Èmi nìkan ló kù nínú ilé yìí," ni màmá wí, bí wọ́n ti ń kọjá lára àwọn àga tí wọ́n fi àrán bò àti dùùrù ńlá kan. Ṣùgbọ́n yàrá yòówù tí wọ́n bá ti jáde, ẹnìkan a rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ní yàrá ìjẹun, wọ́n ti tẹ́ tábìlì. Tíì gbígbóná wà nínú ife kan.

"Màmá, ẹ jẹ́ n máa lọ. Ọmọ ọwọ́ mi wà lọ́dọ̀ aládùúgbò."

"Jókòó, ọmọ mi. Tìẹ ni tíì yẹn."

Àyọ̀ká sáré padà sídìí ilẹ̀kùn. Ó fọwọ́ wá ibi tí yóò dì mú kó fi ṣí i, pákó dídán lásán ló bá. Ó bú sẹ́kún.

Àga kan dún nídìí tábìlì, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ohùn obìnrin kan sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá. Bí èmi náà ṣe sunkún nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ dé."